Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́ ọba lójú ní Ìlú Ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi àti bàbá mi jọ wo bí Ọba Charles ṣe ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ní oṣù keje 2024. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tó mú ọ̀pá dání, ń bọ̀ wá pe àwọn aṣòfin. Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbá ilẹ̀kùn gbàmù mọ́ ọn lójú. Bàbá mi ní àwọn Òyìnbó ò mọ iyì ọba mọ́. Ṣé ìwọ̀sí ni lóòótọ́, àbí ó nítumọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Bàbá o. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àwa la ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́, ẹni tó rán an ló tì í mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí: Ọba ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Ohun tí Bàbá ò tíì gbọ́ ni pé Ọba mọ̀ sí i. Láti ààfin ló ti mọ̀ pé wọ́n máa tì í, ó sì ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Black Rod ni wọ́n ń pe oyè obìnrin yẹn, nítorí ọ̀pá dúdú ọwọ́ rẹ̀. Sarah Clarke ni ẹ rí lọ́jọ́ náà; òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ oyè yẹn, ní 2018.

Ọba kan tó ń jẹ́ Charles náà ló fa ilẹ̀kùn títì, Charles Kìíní. Ó gbà pé Ọlọ́run ló fi òun jọba, pé ènìyàn kankan ò lè bi òun léèrè. Ọdún 11, láti 1629 sí 1640, ló fi ṣèjọba láìpe ilé aṣòfin jọ. Ogun àwọn ará Scotland ló gbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ dànù tó fi pè wọ́n, àwọn náà sì ní kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1642, ó kó ọmọ ogun lẹ́yìn, ó gbéra lọ sí Ilé Commons, ilé àwọn aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn, láti lọ mú aṣòfin márùn-ún: John Pym, John Hampden, Denzil Holles, Arthur Haselrig àti William Strode. Ó fi àwọn ọmọ ogun sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó ní kí abẹnugan, William Lenthall, yá òun ní àga rẹ̀. Ó wò yíká, kò rí wọn. Wọ́n ti ta wọ́n lólobó, wọ́n ti wọ ọkọ̀ lórí odò Thames lọ. Ó wá bi Lenthall pé ibo ni wọ́n wà.

Lenthall kúnlẹ̀. Ó ní òun ò ní ojú tí òun fi máa ríran, òun ò ní ahọ́n tí òun fi máa sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, àfi bí ilé tí òun ń sìn bá ṣe pàṣẹ fún òun. Ẹ tún un kà. Ọkùnrin yìí wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọba, ó sì ń kọ̀ fún ọba. Àwọn Òyìnbó kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tó dáa jùyẹn lọ láti gbé pẹ̀lú ọba, wọn ò sì wá a mọ́.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 1649, wọ́n bẹ́ Charles lórí ní Whitehall. Láti ọjọ́ tó ti wọ Ilé Commons yẹn, kò sí ọba tàbí ọbabìnrin tó tún wọ ibẹ̀ nígbà tí ilé bá ń jókòó. Ilé Lords, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà, ni ọba ń jókòó sí tó ń ránṣẹ́. Black Rod á fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á yọjú wo ẹni tó ń kàn án, wọ́n á wá ṣí i. Á tẹrí ba fún abẹnugan, á jíṣẹ́, wọ́n á sì tẹ̀ lé e ní méjì-méjì, olórí ìjọba àti olórí alátakò níwájú. (Láti oṣù kọkànlá 2024, ọmọ Yorùbá, Kemi Badenoch, ló di olórí alátakò. Bàbá á fẹ́ gbọ́ ìyẹn.) Dennis Skinner, aṣòfin ẹgbẹ́ Labour, tiẹ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa ju àwàdà lu Black Rod lọ́dọọdún. Ní 2017 tí ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ eré ẹṣin Ascot, ó ní kí wọ́n tètè ṣe é, kí wọ́n má pàdánù eré àkọ́kọ́.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Bí ọba bá ti wà nílé aṣòfin, aṣòfin kan á wà ní ààfin Buckingham, bí ohun ìdógò, títí ọba á fi délé ní àlàáfíà. Bí àwọn Commons bá sì ti padà síjòókòó wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ka àbádòfin kan tí ẹnikẹ́ni ò ní lọ́kàn láti sọ di òfin, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí ọba wá sọ. Wọ́n fẹ́ kó hàn pé àwọn lè ṣe iṣẹ́ tara àwọn kí àwọn tó ṣe tọba.

Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yín ni pé kí ló dé tí wọn ò jáwọ́ níbẹ̀. Tory lèmi, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ Conservative, mi ò fi bò, nítorí náà ẹ fi ìyẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ìlú Ọba kò ní ìwé òfin kan ṣoṣo bíi ti Nàìjíríà tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn òfin wà lákọsílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣà ló so ọ̀pọ̀ nǹkan ró. Láti 1708, nígbà ayé Ọbabìnrin Anne, ọba kankan ò tíì kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin. Kò sí ìwé tó ní kó má kọ̀. Ó jọ ti Ọ̀yọ́ àtijọ́: ta ló kọ ọ́ sínú ìwé pé Ọ̀yọ́ Mèsì lè ní kí Aláàfin tó ṣi agbára lò lọ ṣígbá wò? Síbẹ̀ gbogbo ìlú mọ̀, Aláàfin pàápàá mọ̀, bẹ́ẹ̀ Kábíyèsí ni wọ́n ń kí i.

Níbi tí nǹkan bá ti rí báyìí, ẹni tó bá fọwọ́ pa àṣà kan rẹ́ kò mọ òpó tí òun ń yọ. Ẹgbẹ́ mi gan-an ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní 2011, ìjọba David Cameron ṣòfin pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún gbáko, wọ́n sì fòpin sí àṣà àtijọ́ tí olórí ìjọba fi ń lọ bá ọba kó tú ilé ká. Ó dùn-ún gbọ́. Nígbà tó di 2019, Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, ò lè ṣèjọba, kò sì lè pe ìdìbò: ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè, ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin ń fẹ́ kò pé, àfi ìgbà tí wọ́n ṣe òfin mìíràn láti fi fo òfin ọ̀hún. Ní 2022 wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n padà sídìí àṣà. Lọ́dún 2019 yẹn kan náà, Johnson ní kí Ọbabìnrin lé àwọn aṣòfin lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún; gbogbo adájọ́ 11 tó jókòó ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ló ní kò bófin mu. Tory ni mí, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i. Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní olùṣọ́ àṣà kò gbọdọ̀ wá ihò inú rẹ̀ kiri.

Kí Bàbá má sì rò pé Nàìjíríà ò jogún nǹkan kan nínú ẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ tó ń wà níwájú abẹnugan wa, ibẹ̀ la ti mú un. Ẹ rántí Ìbàdàn, ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962, nígbà tí àga ń fò nínú ilé aṣòfin tí wọ́n sì fọ́ ọ̀pá náà. Ẹ rántí Àbújá ní oṣù kẹrin 2018, nígbà tí àwọn jàǹdùkú já a gbà nílé aṣòfin àgbà. Ní London náà, Michael Heseltine, Tory bíi tèmi, gbé e fì kiri ní 1976, ó sì tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì. A mú ọ̀pá wálé, a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Bí wọ́n bá tún ń ṣe é, ẹ ní kí Bàbá gbójú kúrò lára Black Rod, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ àwọn aṣòfin tó ń tẹ̀ lé e. Ọba ní kí wọ́n wá kíákíá. Wọ́n ń rìn gbẹ̀fẹ́, wọ́n ń rojọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.