Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Tó Di Oníṣọ́ọ̀bù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà ni. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti ìpínlẹ̀ ní kété tí ogun abẹ́lé parí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ta súgà, mílíìkì àti ọṣẹ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni àwa fi mọ̀ wọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ kí n pè wọ́n ní olúborí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí n sì yọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kúrò, kí ó má baà dà bí ẹni pé ayé wọn rẹ̀yìn. Kí ni kí n ṣe?
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Oyè yẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, ni Àkúrẹ́ wà. Ife tí bàbá gbà nígbà náà tilẹ̀ tóbi ju èyí tí àwọn ọmọ ń wá lọ, nítorí pé àwọn akànṣẹ́ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó lè dù ú.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, n kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó na Gene Fullmer nínú ìjà fún bẹ́líìtì àgbáyé ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, tó sì tún gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìsọ̀rí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 1966, ọlọ́jà ni ní Aba kí ó tó lókìkí. Nígbà tó sì fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York, kí àìsàn tó dá a padà sílé, níbi tó kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1971. Hogan Bassey, akànṣẹ́ wa mìíràn tó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní Paris ní ọdún 1957, di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n mélòó ni irú ipò bẹ́ẹ̀ lè kàn? Bàbá yín fi ọjà títà bọ́ ilé. (Lójú tèmi, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn káńtà le ju ìjà abala 15 lọ.)

Nítorí náà, ẹ wá àwọn tí bàbá tajà fún rí, kí ẹ bi wọ́n léèrè bí bàbá ṣe ń ta àwìn, ẹni tí bàbá fún ní gààrí nígbà tí owó oṣù kò wọlé, àti bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọmọdé tó fẹ́ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ìwé àwìn wọn bá ṣì wà, ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ orúkọ onígbèsè kankan jáde. Fún ọdún ife náà àti orúkọ ẹni tí wọ́n bá jà, ẹ yẹ ẹ̀yìn fọ́tò wọn wò, kí ẹ sì wá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune àti Daily Sketch àtijọ́. Ohun tí ẹ kò bá rí ẹ̀rí rẹ̀, ẹ fò ó.

Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ẹ kà á fún àkọ́bí wọn lójúkojú. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ì báà ṣe ní gbólóhùn kan péré.