Èsì: Ọmọ ajá tuntun kò jẹ́ kí àwọn àgbà ajá sinmi

Ẹ kú làálàá ọmọ ajá o. Ẹ ní àgbà ajá yín ń kùn mọ́ ọmọ tuntun yìí, ṣé kí ẹ bá a wí? Rárá o. Kíkùn yẹn ló fi ń sọ pé “ó tó gẹ́ẹ́”. Bí ẹ bá fi ìbáwí gba ìyẹn lẹ́nu rẹ̀, ó lè di ajá tí ń buni jẹ láìkìlọ̀.

Ọmọ náà ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá ń padà sẹ́yìn tí àgbà bá kùn, ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́ ọ. Àmọ́ bó bá tún fò mọ́ ọn, tí àgbà ò ríbi fara pamọ́ sí, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ọmọ náà kúrò.

Oorun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ọmọ ajá lè sun wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́. Èyí tí kò bá sùn tó ló máa ń ya ìpátá. Ẹ wá igun kan tó ṣeé tì, kó máa sùn síbẹ̀ lẹ́yìn eré.

Oúnjẹ àti eegun? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ àti àgbà ti máa jẹ ẹ́, kí ilẹ̀kùn wà láàárín àwọn méjèèjì. Eyín ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nígbà tó bá tó nǹkan bí ọmọ oṣù 4, á sì máa rún nǹkan lẹ́nu, nítorí náà ẹ tètè kó bàtà yín pamọ́.