Ẹranko tí ó ń wo òjìji ara rẹ̀: kí ni ìdí àṣà groundhog ní Amẹ́ríkà?

Ìyá kan tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ó béèrè ìbéèrè yìí. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní kíláàsì kejì gbé bébà kan dé láti ilé ìwé, tí wọ́n ya ẹranko kan sí, tí ẹranko náà dé fìlà dúdú gogoro, wọ́n sì ní kí ọmọ náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ bóyá ẹranko yìí yóò rí òjìji ara rẹ̀ lọ́dún yìí tàbí kò ní rí i. Ìyá náà fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kìlọ̀ fún òun pé òrìṣà òyìnbó àtijọ́ ni, kí òun má jẹ́ kí ọmọ òun fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ẹni náà sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀hún kò sí níbi tí ó rò pé ó wà.

Groundhog ni wọ́n ń pe ẹranko náà. Kò sí i nínú igbó wa, nítorí náà Yorùbá kò sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀yà àti òkété ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n: ó sanra tó ọ̀yà, ó ń gbẹ́ ihò bí òkété, irun bò ó ṣìkìtì nítorí òtútù, ìrù rẹ̀ sì kúrú. Nígbà tí òtútù bá dé, a wọ inú ihò, a sì sùn fún oṣù mélòó kan láìjẹun. Ọkàn rẹ̀ tí ó máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan a wá máa lù ní nǹkan bí ìgbà 5 péré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Fẹ́búárì, àwọn akọ a máa yọjú síta fún ìgbà díẹ̀, wọn a lọ wo ibi tí abo wà, wọn a sì padà lọ sùn. Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ pátápátá ni pé ẹranko náà máa ń jáde ní àkókò yẹn tí ó sì ń padà sínú ihò. Ìdí tí ó fi ń padà ni àwọn ènìyàn túmọ̀ sí nǹkan mìíràn.

Ìlú kékeré kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania tí ń jẹ́ Punxsutawney, tí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 6,000 lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò a ya wọ ibẹ̀, wọn a ti dúró láti òru ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Gobbler's Knob, nínú òtútù tí ń mú ètè bó, wọn a máa jó, wọn a máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí oòrùn bá fẹ́ yọ, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ kan a jáde sórí pèpéle pẹ̀lú kóòtù dúdú àti fìlà gogoro. Wọn a kan ilẹ̀kùn kékeré tí ó wà lára kùkùté igi kan, wọn a fa groundhog kan tí ń jẹ́ Phil jáde, wọn a sì gbé e sókè kí gbogbo èrò rí i. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà mú ọ̀pá igi akasíà kan lọ́wọ́, ọ̀pá tí wọ́n ní òun ni ó ń jẹ́ kí ó gbọ́ èdè groundhog. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a tẹ́tí sí ẹranko náà, a sì tọ́ka sí ọ̀kan nínú ìwé méjì tí wọ́n ti ká sílẹ̀ de ọjọ́ náà, wọn a wá kà á sókè. Bí Phil bá rí òjìji rẹ̀, òtútù ṣì ku ọ̀sẹ̀ 6. Bí kò bá rí i, ìgbà ìrúwé ti súnmọ́ tòsí. Wọ́n tún ń sọ pé Phil kan ṣoṣo yìí ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún 1887, pé àgbo kan tí wọ́n ń fún un mu ni kò jẹ́ kí ó kú. Groundhog inú igbó kì í sábà lò ju ọdún 6 lọ láyé, gbogbo ará ìlú náà ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín.

Àwọn ará Jámánì ni wọ́n kó ìdí àṣà yìí dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1683 ni àwọn àkọ́kọ́ tẹ Germantown dó lẹ́bàá Philadelphia, àwọn àgbẹ̀ láti agbègbè odò Rhine sì ń rọ́ tẹ̀ lé wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, nínú ènìyàn 3 ní Pennsylvania, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ni ó ń sọ èdè Jámánì. Ní ilé wọn lọ́hùn-ún, badger ni wọ́n ń ṣọ́, ẹranko abẹ́ ilẹ̀ kan tí ìlà dúdú àti funfun wà lójú rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí badger bá yá oòrùn ní ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Àbẹ́là, àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì, yóò padà wọ ihò fún ọ̀sẹ̀ 4 sí i. Ní àwọn ibòmíràn, ní ilẹ̀ Faransé pàápàá, béárì ni wọ́n ń wò. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ yìí dé oko wọn tuntun, wọn kò rí badger, groundhog ni ó kún ibẹ̀ tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ wọn mọ́lẹ̀, ni wọ́n bá gbé oyè badger lé e lórí. Ní èdè wọn, Grundsau ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀ inú ilẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Morgantown ní Pennsylvania, James Morris, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Fẹ́búárì 1841 pé ọjọ́ Túsìdeé tí ó kọjá ni ọjọ́ tí groundhog máa ń yọjú láti ibùsùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jámánì ti wí, pé bí ó bá rí òjìji rẹ̀ a tún lọ sùn fún ọ̀sẹ̀ 6, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ṣú, a dúró síta. Ọ̀rọ̀ náà, “gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jámánì ti wí,” ṣe pàtàkì lójú mi. Ó fi hàn pé nígbà náà, àṣà ẹ̀yà kan ni, kò tíì di ti gbogbo Amẹ́ríkà.

Nísinsìnyí, kí ni Ọjọ́ Àbẹ́là? Ẹni tí ó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tàbí Kátólíìkì mọ ọjọ́ yìí láìfura. Bí a bá ka 40 ọjọ́ láti ọjọ́ Kérésìmesì, ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì ni a ó bá a dé, ọjọ́ tí Màríà àti Jósẹ́fù gbé ọmọ lọ sí tẹ́ḿpìlì gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè, tí Síméónì àgbàlagbà gbé e lọ́wọ́ tí ó sì pè é ní ìmọ́lẹ̀. Nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń bùkún àbẹ́là lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni Ìjọ fi àjọ̀dún yìí rọ́pò Lupercalia, ọdún ìbọ̀rìṣà kan tí àwọn ará Róòmù ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù Fẹ́búárì. Èmi kò gbà á. Obìnrin arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Egeria lọ sí Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 380 sí 390, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe àjọ̀dún náà níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Jerúsálẹ́mù jìnnà sí Róòmù, kò sì sí ìdí tí ìjọ ibẹ̀ yóò fi máa bá òrìṣà Róòmù du ọjọ́.

Òtítọ́ tí mo ní ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nìyí: kí ẹ̀sìn Kristi tó dé àríwá Yúróòpù, ìgbà yìí gan-an ti jẹ́ ojú ọ̀nà ọdún. Àárín ọjọ́ tí ojúmọmọ kúrú jù lọ àti ọjọ́ tí ọ̀sán òun òru dọ́gba ni ó bọ́ sí. Ní Ireland, ọjọ́ 1 oṣù Fẹ́búárì ni Imbolc, ọ̀kan nínú ọjọ́ ńlá 4 tí wọ́n fi ń pín ọdún; àkókò tí àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní wàrà ni. Brigid ni ó ni ọjọ́ náà. Lónìí, ẹni mímọ́ ni Brigid nínú Ìjọ, ṣùgbọ́n ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ ní Ireland ní nǹkan bí ọdún 900 sọ pé abo òrìṣà ni Brigit, tí àwọn akéwì ń bọ. Ní Scotland, àwọn àgbàlagbà ṣì ń ké e ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pé ejò yóò ti inú ihò jáde ní ọjọ́ Bride, orúkọ tí wọ́n ń pe Brigid níbẹ̀, pé àwọn kò ní yọ ejò lẹ́nu, ejò kò sì ní yọ àwọn lẹ́nu. Ẹranko abẹ́ ilẹ̀ tí ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́búárì láti kéde pé ọdún ti yí: bí ejò, bí béárì, bí badger, ìdílé kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, badger Jámánì kì í ṣe ìránṣẹ́ Brigid. Kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ ni wọ́n jọ jogún, wọn kò jọ bọ òrìṣà kan náà.

Ohun tí ó sì ń jẹ àgbẹ̀ lọ́kàn ni koríko. Ìgbà òtútù ní àríwá Yúróòpù, màlúù àti àgùntàn kò rí nǹkan jẹ nínú pápá. Koríko gbígbẹ tí wọ́n gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n kó sínú àká ni wọ́n ń bù fún wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn òyìnbó àgbẹ̀ máa ń wí pé ní Ọjọ́ Àbẹ́là, ó yẹ kí ìdajì koríko ṣì wà nílẹ̀. Fojú inú wo baálé ilé kan tí ó gbé àtùpà wọ inú àká láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ó fi ojú díwọ̀n òkìtì tí ó kù, tí ó sì jáde síta wo sánmà. Bí oòrùn bá ràn gaara, inú rẹ̀ kò ní dùn. Ní Jámánì, wọ́n ní ó tẹ́ darandaran lọ́rùn kí ó rí ìkookò nínú ọgbà ẹran rẹ̀ ju kí ó rí oòrùn lọ ní Ọjọ́ Àbẹ́là.

Kí ló dé tí oòrùn fi di ohun ìbẹ̀rù? Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ní àárín Yúróòpù, sánmà tí ó mọ́ kedere ní oṣù Fẹ́búárì sábà ń túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ, tútù, ti jókòó sórí ilẹ̀, kò sì sí ìkúùkuu tí yóò bo ilẹ̀ bí aṣọ lóru, gbogbo ooru ilẹ̀ a sì fò lọ. Ẹni tí ó bá ti jí ní ìdájí ọyẹ́ rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí sánmà bá ṣú, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti Òkun Àtìláńtíìkì ni ó dé, ó sì ń gbé ìlọ́wọ́ọ́wọ́ bọ̀. Òjìji badger kò ju àmì pé oòrùn ràn. Àgbẹ̀ ì bá wo òjìji ara rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò rí gbà, àmọ́ ìtàn ẹranko ni ọmọdé kì í gbàgbé.

Bí groundhog ṣe di akọni ní Punxsutawney fúnra rẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ní ìlú náà máa ń dọdẹ groundhog, wọ́n ń sè é, wọ́n sì ń fi í ṣe àsè. Clymer Freas, olóòtú ìwé ìròyìn Punxsutawney Spirit, wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ní ọdún 1886 ni ìwé ìròyìn náà kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọjọ́ yìí, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, wọ́n kó ara wọn jọ lọ sí Gobbler's Knob. Olóòtú ni ó ń polongo pé groundhog ìlú tiwọn nìkan ni ojúlówó aríran. Bí ẹran ọbẹ̀ ṣe di olóyè nìyẹn. Ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ọwọ́ mìíràn ni wọ́n fi mú un. Láti àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kìíní ti jẹ́ kí ojú máa ti àwọn ènìyàn láti sọ èdè Jámánì ní gbangba, àwọn ọmọ àgbẹ̀ àtijọ́ yẹn dá ẹgbẹ́ Grundsau sílẹ̀, wọ́n ń pàdé jẹun lọ́dọọdún, ẹni tí ó bá sì sọ Gẹ̀ẹ́sì nídìí tábìlì yóò san owó ìtanràn. Èyí ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn náà.

Ní ti àsọtẹ́lẹ̀, Phil kò ṣe é gbára lé. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìgbà tí ó gbà á kò sì tó ìdajì. Ẹni tí ó bá ta owó ẹyọ sókè yóò ṣe dáadáa jù ú lọ. Òkété, báyìí ni ìwà rẹ. Àwọn onífìlà gogoro ni wọ́n kúkú ń fẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò kà.

Nítorí náà, ìyá wa, kò sí ẹbọ nínú rẹ̀, kò sí àdúrà sí ẹranko, ẹnikẹ́ni kò sì retí pé kí ọmọ gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí bébà náà. Bí ó bá fẹ́ gba máàkì, kí ó kọ ọ́ pé Phil yóò rí òjìji rẹ̀: láti ọdún 1887, ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rí i ti lé ní 100, ìgbà tí kò rí i kò sì tó 30.