Kámẹ́rà Dé, Òṣùpá Ò Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Apata n'Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé. Tẹlisikóòpù oní-dígí ni mo ní, dígí ẹ̀ fẹ̀ tó 130 mm, wọ́n kọ 650 mm sí i lára, tí n bá fi ojú wò ó kò sí wàhálà, mo ti rí òrùka Saturn níbẹ̀ pàápàá. Ni mo bá ra àdápítọ̀ kí n lè so kámẹ́rà Canon mi mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ dojú ẹ̀ kọ táǹkì omi ilé kejì, bíi mítà 15 sí wa, ó hàn kedere, mo ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí n bá gbé e sí òṣùpá, ṣe ló máa ń wú bí àkàrà, mo yí fókọ́sà (ọ̀pá kékeré tí à ń yí wọlé-jáde kí àwòrán lè mọ́) wọlé títí tó fi kanlẹ̀, pàbó. Ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́ ni àbí dígí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Táǹkì tó o sọ yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Dígí ńlá tó wà nídìí ọ̀pá ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, dígí kékeré tó dà gẹ̀rẹ̀ lókè á wá darí ẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn á lọ pàdé lójú kan, ibẹ̀ nìkan ni àwòrán ti ń mọ́. Bí nǹkan bá ṣe sún mọ́ wa tó ni ibi ìpàdé yẹn ṣe ń jáde síta tó. Ti táǹkì yẹn fi bíi 29 mm jáde ju ti òṣùpá lọ, ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà ẹ fi bá a. Ti òṣùpá wà nínú lọ́hùn-ún, kámẹ́rà ò lè débẹ̀, torí nínú irú Canon tó ní dígí nínú, sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán fi 44 mm jìnnà sí ẹnu kámẹ́rà, tó o bá ro àdápítọ̀ mọ́ ọn ó di 55 mm. Ojú èèyàn ni wọ́n dìídì ṣe tẹlisikóòpù ẹ fún, wọn ò ro ti kámẹ́rà sí i.

Jọ̀ọ́, má tíì ra nǹkan kan. Owó tí mo ná sórí àdápítọ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé bébà ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní. Lálẹ́ tí òṣùpá bá yọ, yọ kámẹ́rà, má fi lẹ́ǹsì ojú kankan (èyí tí à ń gbé ojú lé wò) sí i, yí fókọ́sà wọlé tán, wá mú bébà tínínrín sókè ẹnu ẹ̀, kó o máa gbé e jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ràbàtà kan lo máa kọ́kọ́ rí, á máa sún kì, á máa sún kì, títí á fi di òṣùpá kékeré kan tí kò ju 6 mm lọ, kò tó hóró ẹ̀wà, síbẹ̀ gbogbo àpá dúdú ojú ẹ̀ á hàn lórí bébà. Dúró síbẹ̀, kí ẹnìkan bá ẹ fi rúlà wọn ẹnu fókọ́sà dé bébà. Tó bá jẹ́ 30 mm, tí kámẹ́rà sì ń bèèrè 55, a jẹ́ pé 25 mm ló kù. (Má fi oòrùn dán èyí wò láéláé o, bébà á jó, ojú á fọ́.)

Tó bá jẹ́ òṣùpá àti Júpítà nìkan lo fẹ́ yà, ra lẹ́ǹsì Barlow oní-ìlọ́po méjì, kó wà láàárín fókọ́sà àti kámẹ́rà, òun ló máa ti ibi ìpàdé yẹn jáde wá bá ẹ. Òṣùpá á fẹ̀ tó 12 mm lórí sẹ́ńsọ̀, ó gbà á dáadáa. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ á dín kù sí ìdá mẹ́rin, kò ní dára fún nǹkan tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ bíi kùrukùru ojú ọ̀run tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ Orion.

Tó bá jẹ́ irú ìyẹn lo ń wá, dígí ńlá lo máa gbé sókè nínú ọ̀pá, bíi 30 mm kó lè ṣẹ́kù díẹ̀. Àwọn kan máa ń gé ọ̀pá kúrú, èmi ò fara mọ́ ọn, ohun tí wọ́n bá gé kì í padà. Lọ sí Agodi Gate lọ́dọ̀ àwọn oní-sípéépáàtì, wá bóòtì àti sípíríǹgì tí wàá fi di dígí náà mú, tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wo dígí kékeré dáadáa ṣáájú o, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ lórí ẹ̀ á fi 6 mm fẹ̀ sí i, tí kò bá gbà á, etí ẹ̀ á ṣòfò. Lẹ́yìn náà tún àwọn dígí méjèèjì tò kí wọ́n kojú síra wọn, kó o sì wá ọ̀pá àfikún 30 mm fún lẹ́ǹsì ojú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ fúnra ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́.

Tó ò bá sì fẹ́ ná púpọ̀, gbé fóònù sórí lẹ́ǹsì ojú, kò ní irú wàhálà yìí rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ fi tẹlisikóòpù oní-dígí tèmi wo Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Àrẹ, láti Mọ́kọ́lá, ó dorí kodò, mo bá yá dígí alágbékọ́rọ́ (èyí tó ń ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) ọ̀rẹ́ mi tó wà lára tẹlisikóòpù oní-lẹ́ǹsì ẹ̀ kí n fi yí i padà, kò mọ́ mọ́ rárá.

ÌDÁHÙN: Yọ ọ́ kúrò. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú ẹ̀ lé ní 60 mm, tẹlisikóòpù oní-dígí ò sì ní àyè yẹn. Dídorí kodò ni ìṣe ẹ̀ látilẹ̀. Tó bá jẹ́ Láyípo lẹ fẹ́ wò, awò olójú méjì ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èyí máa wo ìràwọ̀.