Ta ló ń jẹ ìyókù iná sólà mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà oníwáàtì 550 ló wà lórí òrùlé mi, ínfátà 5 kVA àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ 51.2V, 100Ah sí lára sì wà nínú ilé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ojú ínfátà máa ń fi hàn pé wáàtì 2,300 ń ti òkè wọlé, ṣùgbọ́n bí ó bá fi máa di ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, 420 péré ni mo máa ń rí. Lánàá tí iná ọba kò dé rárá, ó kọ ọ́ pé pánẹ́ẹ̀lì pèsè 9.6 kWh, ilé sì lo 7.4 kWh. Ta ló jẹ ìyókù? Àbí wọ́n ta ayédèrú fún mi ni?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: A kò rí ohun tó jọ ayédèrú nínú àwọn òǹkà tí ẹ kọ ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ya W sọ́tọ̀ kúrò lára kWh. Wáàtì ń sọ bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó ní àkókò tí ẹ ń wò ó gan-an. kWh ń sọ àpapọ̀ èyí tó ti kọjá láti òru, òun náà sì ni yúníìtì tí ẹ ń rà sínú mítà iná ọba. Bátìrì yín, bí a bá fi 51.2 lọ́nà 100, tí a sì fi 1,000 pín in kó lè di kWh, kò lè gbà ju yúníìtì 5.12 lọ, bí ó ti wù kí oòrùn pọ̀ tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan yẹn ti wá. Láàárọ̀, ebi ń pa bátìrì, ó sì ń gba gbogbo ohun tí pánẹ́ẹ̀lì bá gbé wá. Nígbà tí ó bá yó, kò sí ibòmíràn tí iná lè gbà mọ́ ju inú ilé lọ, nítorí náà ínfátà yóò dín ohun tí ó ń fà láti òkè kù sí ìwọ̀n tí ilé ń lò. Ohun tí ilé yín ń béèrè ni 420 yẹn ń sọ, kì í ṣe ohun tí pánẹ́ẹ̀lì lè ṣe. (Ó yẹ kí àwọn tó ń so sólà máa sọ èyí fún oníbàárà kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn lọ.)

Ní ti yúníìtì 2.2 tó dín, ínfátà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Irú tiyín lè máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 50 tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ pé gbogbo ilé ti sùn. Ní wákàtí 24, èyí di 1.2 kWh. Ìyókù di ooru nígbà tí iná ń wọ bátìrì, nígbà tí ó ń jáde, àti nígbà tí ínfátà ń yí i padà sí irú èyí tí fíríìjì àti fáànù lè lò. Atẹ́gùn gbígbóná tí ínfátà ń fẹ́ síta lálẹ́ wà lára rẹ̀.

Òǹkà tí a kò fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀ ni ti ìdá ọgọ́rùn-ún (%) tí ínfátà fi ń sọ bí iná tó kù nínú bátìrì ṣe pọ̀ tó. Fọ́ltì irú bátìrì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí yóò fi kù díẹ̀ kó tán, nítorí náà bí kò bá sí wáyà tí bátìrì fi ń bá ínfátà sọ̀rọ̀, àfojúdá ni ínfátà ń ṣe.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ dúró di ọ̀sán tí bátìrì bá ti kún, kí ẹ tan áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000, kí ẹ sì máa wo òǹkà náà. Bí 420 bá fò sókè sí nǹkan bíi 1,400, ara pánẹ́ẹ̀lì yá, ọ̀sán ló sì yẹ kí ẹ máa lọ aṣọ, kí ẹ sì máa fa omi kànga. Bí kò bá kúrò níbi tí ó wà, tí ó jẹ́ pé bátìrì ló ń gbé ẹrù náà, ẹ pe ẹni tó so ó, kí ó gun òkè lọ wo eruku ọyẹ́, òjìji igi àti wáyà tó bá tú.