Eegun Ìgbọ̀nwọ́ Ọmọ Mi Dá: Dókítà Wo Ni Ká Gbé E Lọ Bá?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, já bọ́ láti orí àkàbà, eegun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì dá. Níbi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n fi nǹkan de ọwọ́ náà, wọ́n ní ká rí dókítà eegun lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí dókítà eegun tí kò lè ṣe é. Ọkọ mi ní àfi èyí tó jẹ́ ti ọmọdé nìkan. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá wa. Ara ọmọ á yá.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ìka rẹ̀ nísinsìnyí. Bí wọ́n bá funfun tàbí tutù, bí kò bá lè mì wọ́n, bó bá ní wọ́n kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tó ti lo oògùn, tó sì ń ké tí ẹ bá rọra na ìka náà, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ má sì wá dókítà kankan kiri. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ìyẹn ò bá sí, ọkọ yín ló tọ̀nà. Ká ní ọrùn ọwọ́ ló dá, tí kò sì yẹ̀ púpọ̀, ǹ bá ní kí ẹ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n yín, torí eegun ibẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ nà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ìgbọ̀nwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Eegun apá òkè, lọ́dọ̀ èjìká ló ti ń rí nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀. Ìdá 20 péré ló ń ti ìgbọ̀nwọ́ wá. Bí wọ́n bá tò ó ní wíwọ́, wíwọ́ náà ló sábà máa ń wà.

Kerekere (ohun rírọ̀ tí kò tíì di eegun) ló tún pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ orí ọmọ yín, X-ray kì í sì í fi kerekere hàn. Ibi mẹ́fà ni eegun ti ń yọ nínú ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, kálukú lásìkò tirẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1 títí dé nǹkan bí ọdún 12. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò mọ́ ọn lè rí eegun tó ń yọ, kó ní ó dá. Ó sì lè rí èyí tó ti kúrò láyè rẹ̀, kó rò pé bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn.

Oníṣẹ́ abẹ eegun tó tún kọ́ nípa ti ọmọdé lọ́tọ̀ ni ẹ ń wá. Bí kò bá sí nítòsí, èyí tó ń tọ́jú ọmọdé lemọ́lemọ́, tó sì máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ bi í pé: “Irú èyí, ẹ máa ń rí i tó?” Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ (wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi mú eegun tó bá ti yẹ̀ níbẹ̀), ẹ béèrè bóyá kíkùn ọmọdé lóorun ti mọ́ ẹni tó máa ṣe é lára. Dókítà tó bá ń bínú sí ìbéèrè òbí, èmi ò ní gbé ọmọ tèmi fún un.

Ẹ tún béèrè títí di ìgbà wo ni yóò máa yẹ ọwọ́ náà wò. Bí ibi tí eegun ti ń gùn bá fara pa, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó hàn pé kò gùn mọ́, nítorí náà “a ó yọ POP, ó parí” kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ gba àwòrán X-ray tí wọ́n ti yà dání lọ, kí wọ́n má baà tún un yà láìnídìí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ilé ìwòsàn, kí ẹ béèrè ìgbà tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun kẹ́yìn, torí wọ́n lè fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kan náà.