Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀dà àti Béèsì fún Ọmọ Ogun Orí Tábìlì

Ìbéèrè tó dé lọ́tẹ̀ yìí dá lórí kíkun àwọn ère kéékèèké tí a fi ń ṣeré ogun lórí tábìlì, àti ṣíṣe ibi tí wọ́n ń dúró lé. Béèsì ni a ó máa pe pèpéle pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ère. Bí a bá sì sọ pé ère jẹ́ 28, mìlímítà ni à ń wí. Àwọn tó ń ṣe ère kan ń wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹyinjú, àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́n dé àtàrí. Ìdí nìyẹn tí ère 28 láti ilé-iṣẹ́ méjì kì í fi í ga bákan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí mo fín sára àwọn ère mi gbẹ tán, bí mo bá wá fi ọwọ́ pa á, ṣe ló ń ha mí lọ́wọ́. Ṣé ọ̀dà náà ni kò dára ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà má jẹ̀bi rárá. Ọ̀dà ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ sára ère, nítorí náà ìyẹ̀fun ló bà lé e. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹ di agolo mú jìnnà jù, tàbí ooru àti atẹ́gùn pọ̀ níbi tí ẹ ti ń fín in, tàbí ẹ kò mi agolo tó. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà máa ń ba ọ̀dà ìpìlẹ̀ jẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Ẹ mi agolo fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, kí ẹ máa kà á láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kí àyè tó wà láàárín agolo àti ère tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ẹ tẹ agolo kí ọwọ́ yín tó dé ọ̀kánkán ère, ẹ gbé e kọjá, lẹ́yìn tó bá ti kọjá tán ni kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìfín ni agolo máa ń tutọ́ ọ̀dà. Ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ yí ère padà, kí ẹ tún fín in. Kò pọn dandan kí ọ̀dà dé gbogbo kọ̀rọ̀. Abẹ́ apá àti abẹ́ ẹ̀wù tí kò dé, búrọ́ọ̀ṣì yóò bá yín débẹ̀ tó bá yá. Fífín in títí tí gbogbo ihò yóò fi kún ló ń sọ ojú ère di pẹlẹbẹ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú.

Ní ti àwọ̀ ọ̀dà ìpìlẹ̀, àwọ̀ eérú ni a fara mọ́ jù fún odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Dúdú máa ń bo àléébù, torí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá fò yóò dà bí òjìji, àmọ́ pupa àti yẹ́lò kì í tètè mọ́ lórí rẹ̀. Ohun kan tún wà tó dára púpọ̀: ẹ fín dúdú yí ère ká, kó gbẹ, kí ẹ wá fín funfun láti òkè nìkan, ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kun ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji yóò ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Bí kò bá pọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ha ìyẹ̀fun náà kúrò. Bí ó bá pọ̀, ẹ rẹ ère sínú isopropyl alcohol, irú spírìtì kan, fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Ère ike àti ère irin lè gbà á, ṣùgbọ́n irú résìn kan, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù kó lè le, máa ń rọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí kò ṣe pàtàkì dán an wò. Ẹ má fi acetone, ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, kan ike láéláé o, ṣe ni yóò yọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀dà ń ṣí kúrò lára ère résìn mi bí awọ ejò. Ti ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌDÁHÙN: Òróró tí wọ́n fi ń pa mọ́ọ̀dù kí résìn lè jáde ló ṣì wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun pọ̀ tàbí kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí a fi ń fọ àwo fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, ẹ ṣan án, kó gbẹ mọ́jú. Kí omi má gbóná jù, torí ohun tínínrín máa ń ká nínú rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ kan bá ti ká tẹ́lẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, omi gbígbóná náà ni oògùn rẹ̀: ẹ rì í bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ nà án, kí ẹ tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Gúlù tí ń yọ́ ike kì í mú résìn tàbí irin, súpà gúlù ni tiwọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ha résìn, ẹ rẹ sáńpépà sínú omi kí ekuru rẹ̀ má bàa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá kun ère tán, ipa búrọ́ọ̀ṣì ń hàn, bọ́tìnì àti ìṣẹ́po aṣọ á sì ti sọnù. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ, síbẹ̀ kò yí padà.

ÌDÁHÙN: Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ yẹn wà lára ohun tó ń dà yín láàmú. Irun rẹ̀ kò tó nǹkan, kò lè gba ọ̀dà púpọ̀ dúró, nítorí náà ọ̀dà ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kó tó kan ère. Nọ́ńbà 1 tàbí 2 tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó yóò kun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó wà lára ère 28, títí kan ojú. Mímú ẹnu ni kí ẹ máa wò tí ẹ bá ń rà á. Kí ọ̀dà má sì gun òkè dé ibi tí irin ti di irun mú, torí bó bá gbẹ síbẹ̀, ẹnu búrọ́ọ̀ṣì yóò là.

Ọ̀dà yín nípọn jù. Ọ̀dà tó wà nínú ìgò kò tíì ṣeé kùn tààrà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpín ọ̀dà méjì sí ìpín omi kan, kí ẹ máa fi omi kún un títí yóò fi ṣàn bíi wàrà. Ẹ fà á lórí èékánná àtàǹpàkò yín: bó bá bo èékánná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó sì dúró síbi tí ẹ fà á sí, ó ti tó. Bó bá sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ èékánná, omi ti pọ̀ jù. Bó bá fi ilà sílẹ̀, omi kù. Omi tó pọ̀ jù náà léwu, torí ó ń tú ohun tó so ọ̀dà pọ̀ ká, àwọ̀ á sá wọ inú kòtò, yóò sì fi orí gbogbo ohun tó yọ sókè sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bébà ìnùwọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó dé ara ère. Ìkùn àkọ́kọ́ yóò rí wúruwùru, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì máa yọjú. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n á padà sórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ tán, tí búrọ́ọ̀ṣì á sì máa hó o kúrò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Funfun àti yẹ́lò lè gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kun búráùn tó mọ́lẹ̀ sábẹ́ yẹ́lò, wàhálà yín yóò dín kù.

Kí ọ̀dà má bàa gbẹ níwájú yín, ẹ ṣe àwo ọlọ́rinrin. Ẹ wá ike pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́ tàbí bébà ìnùwọ́ ìpele mẹ́rin sínú rẹ̀, ẹ bu omi sí i títí yóò fi rẹ láìsí pé omi ń léfòó, kí ẹ wá tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ kéèkì nínú ààrò lé e. Bébà tí wọ́n fi ìda pa kò ní ṣe é, torí omi kò lè gbà á kọjá. Lórí bébà yìí, ọ̀dà yóò wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí ẹ bá sì dé e pa, ẹ lè bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́ọ̀ṣì búráùn, ìyẹn ọ̀dà olómi tó ń ṣàn wọ inú kòtò, tí mo dà sí ẹ̀wù àwọn jagunjagun mi gbẹ tán, ó fi òrùka ẹlẹ́gbin sílẹ̀. Kí ni mo ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kó dúró bí adágún lórí ibi tó tẹ́jú. Etí adágún ló ń kọ́kọ́ gbẹ, ó sì ń fa àwọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Inú ìṣẹ́po àti ààlà ohun méjì ni wọ́ọ̀ṣì ti wúlò jù. Bí ẹ bá fi sí i tán, ẹ nu búrọ́ọ̀ṣì mọ́, kó ṣẹ́ ku ọ̀rinrin díẹ̀, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ fa èyí tó dúró lórí ibi pẹlẹbẹ kúrò kíákíá. Bó bá ti ń gbẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, yóò ya. Èyí tó ti ní òrùka, ẹ fi àwọ̀ ẹ̀wù náà gan-an kun orí ìṣẹ́po padà, kí ẹ fi kòtò sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọgọ́ta ọmọ ogun ló wà níwájú mi. Bí mo bá kun mẹ́ta tán, ó ti sú mi, èyí tí mo kun kẹ́yìn kì í sì í jọ ti àkọ́kọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ má kun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì to ọgọ́ta síwájú lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló dára: bí ẹ bá fi máa kun ṣòkòtò ẹni kẹwàá tán, ti ẹni àkọ́kọ́ á ti gbẹ. Ẹ lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ìdérí ìgò kí ọwọ́ yín má bàa kan ọ̀dà. Inú ni kí ẹ ti máa bọ̀ wá síta: awọ ara, aṣọ, bẹ́líìtì àti bàtà, ohun ìjà, kí ẹ tó fi wọ́ọ̀ṣì sí i.

Ní ti pé wọn kò jọra, ẹ máa lo àwọ̀ tààrà láti inú ìgò fún aṣọ ogun. Àwọ̀ tí ẹ pò fúnra yín kò ṣeé pò padà bákan náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ kọ orúkọ ọ̀dà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, àti iye omi, sórí káàdì kan, kó wà nínú àpótí ọ̀dà. Ojú, asà, àsíá àti béèsì ni kí ẹ náwó agbára yín lé. Ìyókù, láti ibi tí ẹni tó ń ṣeré dúró sí, àwọ̀ kan àti wọ́ọ̀ṣì kan ti tó o. Ẹyinjú ère 15 kò yẹ ní kíkùn. Òjìji nínú kòtò ojú yóò hàn ju àmì funfun lọ.

ÌBÉÈRÈ: Iyanrìn ń yọ lára béèsì mi, èyí tí mo fi páálí ṣe sì ti ká. Báwo ni béèsì ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

ÌDÁHÙN: Òfin eré yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí gúlù tó kan ohunkóhun. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí ọmọ ogun ti ń dá rìn, béèsì róbótó mìlímítà 25 tàbí 32 ni. Nínú DBA, òfin eré ogun àtijọ́ tí Phil Barker gbé jáde ní 1990, fífẹ̀ iwájú béèsì jẹ́ 40 fún ère 15, ó sì jẹ́ 60 fún ère 25 tàbí 28. Ìwọ̀n rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé irú ọmọ ogun tó wà lórí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ère yóò bá dúró lórí béèsì kan, ẹ kun wọn tán kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n, torí búrọ́ọ̀ṣì kò ní lè wọ àárín wọn mọ́.

Páálí ká nítorí pé gúlù funfun ń súnkì bó ti ń gbẹ, ó sì ń fa ojú tí ẹ fi pa. Ẹ lo ike tàbí MDF, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi tẹ̀ pọ̀, tó nípọn tó mìlímítà 2 tàbí 3. Èyí tó ti ká, ẹ fi gúlù àti omi pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà, kí ẹ gbé ohun wúwo lé e mọ́jú.

Ẹ fọ iyanrìn, kó gbẹ, kí ẹ jọ̀ ọ́. Kí èyí tó kúnná pọ̀, kí òkúta kéékèèké mọ níwọ̀n: òkúta mìlímítà 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère 28 jẹ́ àpáta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ fi gúlù funfun tí wọ́n kọ PVA sára ìgò rẹ̀ pa orí béèsì, ẹ tì í bọ iyanrìn, ẹ gbọn èyí tó ṣẹ́ kù, kó gbẹ fún wákàtí bíi mélòó kan. Ohun tí ẹ fò ló kàn: ẹ po gúlù ìpín kan mọ́ omi ìpín méjì, ẹ kán ọṣẹ tí a fi ń fọ àwo ẹyọ kan sí i kó lè wọlé, kí ẹ fi rẹ iyanrìn náà. Láìsí èyí, búrọ́ọ̀ṣì àti ìka yóò máa hú u.

Bó bá gbẹ, ẹ kun búráùn tó ṣókùnkùn tí ẹ ti fi omi là. Lẹ́yìn náà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tó ti gbó, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ búráùn tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ nù ún mọ́ bébà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fi àmì sílẹ̀ mọ́, kí ẹ wá máa gbá a kọjá lórí iyanrìn. Orí òkúta nìkan ni yóò gba àwọ̀. Ẹ tún fi àwọ̀ egungun ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kó fẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Koríko kò gbọ́dọ̀ bò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ dojú béèsì kodò, kí ẹ ta á pẹ́pẹ́ kí koríko lè dìde. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ kun sí etí gbogbo béèsì. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó ń mú kí ọgọ́ta ère dà bí ẹgbẹ́ kan náà tó o.

ÌBÉÈRÈ: Mo fín fánííṣì tí kì í dán, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dáàbò bo iṣẹ́, ère mi sì funfun bí ẹni tí eruku bò. Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Kò tíì parí. Ọ̀rinrin, tàbí agolo tí a kò mì tó, tàbí fánííṣì tó nípọn jù ló fà á. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa fánííṣì tó ń dán sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ á padà. Bó bá gbẹ dáadáa, ẹ wá fín èyí tí kì í dán, ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ, fẹ́ẹ́rẹ́. Ìpele méjì yìí náà ló tọ́ sí ère irin tí wọn yóò máa gbé káàkiri. Koríko àti dídán idẹ ni kí ẹ fi kẹ́yìn, lẹ́yìn fánííṣì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni mo lè fi gbé wọn rìn tí ọ̀kọ̀ wọn kò ní máa ṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Òòfà. Ẹ lẹ òòfà róbótó mìlímítà 5, tó nípọn tó 1, sábẹ́ béèsì, kí ẹ sì tẹ́ páànù irin sínú àpótí. Páànù alumíníọ̀mù kò ní fà á. Ère irin tó wúwo lè gba méjì. Bí gúlù bá ṣì tutù, ẹ jẹ́ kí béèsì jìnnà síra, torí òòfà á fò mọ́ra wọn. Ẹ má sì fi èyíkéyìí sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé: bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fún ìfun mọ́ àárín ara wọn, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.